Marilyn Monroe Mọ Eré Ṣe: Ẹ Yé Fi Ẹwà Bo Iṣẹ́ Rẹ̀ Mọ́lẹ̀

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ sinimá àtijọ́ kò yé dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà ti di ará ọ̀run láti oṣù kẹjọ ọdún 1962. Ẹjọ́ náà ni pé: ǹjẹ́ Marilyn Monroe mọ eré ṣe ní tòótọ́, àbí ẹwà ara lásán ló fi jẹun? Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé fíìmù tuntun jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá tún lu ọ̀kan nínú àwọn aṣọ rẹ̀ ní gbàǹjo, àríyànjiyàn yìí a tún hù jáde bí olú ìgbà òjò. Àwọn kan a sọ ọ́ di òrìṣà. Àwọn mìíràn a ní kò ju àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá lọ. Èmi kò ní dúró sí agbedeméjì. Mo ní òṣèré ni, òṣèré tó mọṣẹ́ sì ni, àti pé àwọn tó ń sọ pé kò mọ eré ṣe ń fi ojú wo aṣọ, wọn kò wo ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ohun tí àwọn alátakò ń wí kò ṣòroó gbọ́ yé. Wọ́n ní obìnrin náà rẹwà, kámẹ́rà sì fẹ́ràn rẹ̀, ó parí. Wọ́n ní ohun tí à ń rí nínú fíìmù rẹ̀ kì í ṣe eré bí kò ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá a: ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ìrìn tó ń mi ìdí, ẹ̀rín bíi ti ọmọdé. Wọ́n ní ipa kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n kó, ipa arẹwà onírun wúrà tí kò gbọ́n. Wọ́n tún fi kún un pé ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé kì í rántí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, pé ojú olùkọ́ rẹ̀ ló máa ń wò dípò ojú olùdarí eré. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà n kò ní fo ọ̀kankan nínú rẹ̀ dá.

Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, mo ní ìbéèrè kan. Ní ọdún 2011, Michelle Williams kó ipa Monroe nínú fíìmù My Week with Marilyn. Àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar yàn án mọ́ àwọn tó du ipò òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Ní ọdún 2022, Ana de Armas kó ipa kan náà nínú Blonde, wọ́n sì tún yàn án bákan náà. Monroe fúnra rẹ̀ ṣe fíìmù tó tó ọgbọ̀n, wọn kò yàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá là mí lọ́yẹ̀: bí fífi ara wé Marilyn Monroe bá jẹ́ iṣẹ́ òṣèré ńlá tó yẹ fún ìyìn, báwo ni dídá Marilyn Monroe sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe wá di ohun tí kò gba ọgbọ́n kankan? Ẹni tó ṣe àdàkọ gba ìyìn, a sì ní ẹni tó kọ ìwé kò mọ̀wé.

Kì í sì í ṣe àsọdùn láti sọ pé ó dá a sílẹ̀ ni. Norma Jeane Mortenson ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀ ní Los Angeles ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1926. Àìsàn ọpọlọ gbé ìyá rẹ̀ dè, ọmọ náà sì ń ti ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí kan ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Irun orí rẹ̀ kì í ṣe wúrà, àwọ̀ ilẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kólòlò ní kékeré. Ilé-iṣẹ́ ológun ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì kí ayàwòrán kan tó rí i. Ọdún 1946 ni ilé-iṣẹ́ Fox gbà á sí iṣẹ́, tí wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun. Láti ibẹ̀ ló ti kọ́ ohùn, ó kọ́ ìrìn, ó kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sí ojú ènìyàn. Ohùn rẹ̀ tí oníròyìn ìwé ìròyìn Life gbà sórí ẹ̀rọ ní ọdún 1962 kì í ṣe ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí a mọ̀ nínú fíìmù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New York náà ròyìn pé ó lè bá wọn rìn ní ìgboro láìsí ẹni tó máa bojú wo ẹ̀yìn, títí òun fúnra rẹ̀ á fi pinnu láti di Marilyn. Ìgbà náà ni ìrìn á yí padà, tí èrò á sì bò wọ́n.

Àwa ọmọ Yorùbá kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yóò rú lójú. A mọ eégún. A mọ̀ pé agọ̀ a máa dán, a sì mọ̀ pé agọ̀ kì í jó fúnra rẹ̀. Bí eégún bá jó dáadáa, tí ẹnìkan bá wá dìde láwùjọ pé aṣọ ló jó, kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀, ojú aláìmọ̀kan la ó fi wò ó. Ohun tí wọ́n sì ti ń sọ nípa Monroe láti bí àádọ́rin ọdún nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nínú Don't Bother to Knock ti ọdún 1952, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn tán, ó kó ipa Nell, ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ kò pé, tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí àwàdà nínú rẹ̀, kò sì sí ìrìn ìdí. Ojú rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, á dà bíi pé ó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, lẹ́yìn náà ìbínú á ti ibẹ̀ yọ lójijì. Fíìmù náà kì í ṣe àgbàyanu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó kò lè tún sọ pé ipa kan ṣoṣo ni obìnrin yìí mọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú Niagara, ó di aya tó ń gbìmọ̀ láti pa ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1953 yẹn kan náà, ó tún di Lorelei Lee nínú Gentlemen Prefer Blondes, olóòótọ́ inú tó fẹ́ràn dáyámọ́ńdì ju oúnjẹ lọ. Ẹ gbé aṣiwèrè, apànìyàn àti aláwàdà yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wá sọ fún mi èwo nínú wọn ni "bí Ọlọ́run ṣe dá a".

Ọ̀rọ̀ Lorelei Lee yẹn tilẹ̀ gba àlàyé. Ní ìparí fíìmù náà, bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dojú kọ ọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó ló ń lé. Lorelei fi ìgbọràn ọmọdé rojọ́ fún un títí ọ̀rọ̀ fi di májàmájà mọ́ bàbá náà lójú, tó fi sọ pé wọ́n ti sọ fún òun pé kò gbọ́n. Èsì rẹ̀ ni pé òun lè gbọ́n nígbà tó bá ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́: kò ṣẹ́jú sí wa, kò rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, kò gbé ohùn sókè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fọ́ńté, ẹ̀rín á kú. Ẹni tí kò gbọ́n kò lè ṣe òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ṣíṣe òmùgọ̀ lójú agbo gba kí òṣèré mọ ibi tí ẹ̀rín wà kó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Bus Stop ti ọdún 1956 ni ẹ̀rí tó burú jù fún àwọn alátakò. Chérie ni wọ́n ń pe obìnrin tó kó ipa rẹ̀ níbẹ̀, akọrin ilé ọtí tí kò mọ orin kọ. Monroe mọ orin kọ dáadáa. Ó wá kọrin nínú fíìmù yìí lọ́nà tí kò dán mọ́rán: ohùn ń sá kúrò lórí orin, ọwọ́ ń ju sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń dọ́gbọ́n rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bí aláìmọ̀ọ́nṣe, kó má sì di yẹ̀yẹ́, kó jẹ́ pé àánú rẹ̀ ló máa ṣe wá, iṣẹ́ àgbà ni. Aṣọ dáradára tí wọ́n kọ́kọ́ rán fún ipa náà, ó kọ̀ ọ́. Èyí tó ti gbó tó sì ya ló yàn. Ó jẹ́ kí wọ́n kun ojú òun ní funfun ràkọ̀ràkọ̀, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru tó sì ń sùn lọ́sàn-án kì í rí oòrùn. Arẹwà tí a ní ẹwà rẹ̀ nìkan ló ń tà ló ba ẹwà ara rẹ̀ jẹ́ nítorí iṣẹ́. Kí ni àwọn Oscar ṣe? Wọ́n yan Don Murray, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a ṣeré, tí fíìmù náà sì jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọn kò yan Monroe.

Ní ọdún 1957 ni The Prince and the Showgirl jáde, tí òun àti Laurence Olivier jọ ṣe. Ta ni kò mọ Olivier? Ọ̀gá àwọn òṣèré orí ìtàgé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló sì tún darí eré náà. Wọn kò rẹ́ rárá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó lónìí. Olivier ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí ẹni tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohùn ilẹ̀ òkèèrè tó wọ̀ bí ẹ̀wù ń fún un lọ́rùn. Monroe kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń gbọ́, ó ń wò, ó ń yí ojú díẹ̀, ojú wa kò sì kúrò lára rẹ̀. Ó mọ ohun tí ọ̀gá kò mọ̀: pé kámẹ́rà kò jìnnà, kò yẹ ká pariwo fún un. Ìtálì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ David di Donatello nítorí iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yàn án mọ́ àwọn tó du BAFTA. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Marilyn Monroe Productions, ló ṣe fíìmù náà. Olivier ń darí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko tirẹ̀ ni wọ́n jọ ń ro.

Mo dé orí Some Like It Hot ti ọdún 1959, èyí tí American Film Institute fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo fíìmù apanilẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Àwọn ọkùnrin méjì tó múra bí obìnrin, Tony Curtis àti Jack Lemmon, ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn. Wọ́n yẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ igi tó gbé ilé náà dúró wò. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ làwọn ń pa, àwa òǹwòran náà mọ̀. Sugar Kane, ipa tí Monroe kó, nìkan ni kò mọ̀. Bí kò bá gbà tọkàntọkàn pé obìnrin bíi tirẹ̀ ló jókòó ti òun nínú ọkọ̀ ojú irin, bí kò bá gbà pé ọlọ́rọ̀ ni ẹni tí Curtis ń díbọ́n rẹ̀, eré bàjẹ́ nìyẹn. Òun ló gbé ìgbàgbọ́ gbogbo eré náà rù, láìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó gba Golden Globe nítorí rẹ̀. Àwọn Oscar yan Lemmon, wọ́n yan Billy Wilder tó darí eré. Orúkọ Monroe kò sí níbẹ̀.

Níbí ni àwọn alátakò ti máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní nínú fíìmù yìí gan-an ni wọ́n ti ya àwọn gbólóhùn kúkúrú kan ní ìgbà tó lé ní ogójì kó tó rí wọn sọ. Òótọ́ ni, n kò ní jiyàn. Ó máa ń pẹ́, ó máa ń gbàgbé, oògùn oorun àti àìbalẹ̀-ọkàn sì ń bá a fínra. Ó ná àwọn tó gbà á síṣẹ́ lówó, ó tán àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní sùúrù, ilé-iṣẹ́ Fox sì lé e kúrò nínú fíìmù Something's Got to Give ní oṣù kẹfà ọdún 1962. Ẹni tó bá ní akẹgbẹ́ tó nira láti bá ṣiṣẹ́ ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ìwà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀sùn àìmọṣẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó pẹ́ dé lè jẹ̀bi ìpẹ́; bí ilẹ̀kùn tó kàn bá bá ẹnu ọ̀nà mu rẹ́gí, a kò lè torí ìpẹ́ sọ pé kò mọ igi í gbẹ́. Wilder tó ráhùn jù lọ náà kò yé sọ pé kò sí ẹni tó dà bíi rẹ̀ lójú kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àwọn olùkọ́ ló ń gbé e ró: Natasha Lytess lákọ̀ọ́kọ́, Paula Strasberg lẹ́yìn náà. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu. Bí òṣèré mìíràn bá ní olùkọ́, a ní ó kára mọ́ṣẹ́. Bí Monroe bá ní i, a ní kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kárí ayé, ó fi Hollywood sílẹ̀, ó kó lọ sí New York ní ọdún 1955, ó sì lọ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Lee Strasberg ní Actors Studio. Ní ọdún 1956, òun àti Maureen Stapleton ṣe abala kan nínú Anna Christie ti Eugene O'Neill níwájú àwọn òṣèré ẹgbẹ́ wọn. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ẹwà rẹ̀ ti tó o jẹun kì í lọ wá ẹni tí yóò bá a wí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ẹ̀sùn kẹta, pé ara rẹ̀ nìkan ló ń ṣe, ni mo kórìíra jù, nítorí òṣùwọ̀n méjì ló wà nínú rẹ̀. John Wayne rìn ìrìn kan náà, ó sọ̀rọ̀ lọ́nà kan náà fún ogójì ọdún. Wọ́n fún un ní Oscar nítorí True Grit. Archibald Leach láti Bristol dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cary Grant sílẹ̀, ohùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ó sì kó ipa ọkùnrin náà títí ó fi fẹ̀yìntì. A ní ọlọ́gbọ́n ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Norma Jeane ṣe ohun kan náà, a ní àdámọ́ ni. Bí ọkùnrin bá dá ara rẹ̀ mọ, a pè é ní iṣẹ́ ọnà. Bí obìnrin bá ṣe é, a pè é ní ara.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń sọ pé ara rẹ̀ àti bí kámẹ́rà ṣe sún mọ́ ọn ló ń ṣiṣẹ́, kó wo ìparí The Misfits ti ọdún 1961, tí John Huston darí. Ní aṣálẹ̀ Nevada, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń mú ẹṣin ìgbẹ́ tí wọn yóò tà fún ẹran ajá. Roslyn, tí Monroe ṣe, sá lọ sí àárín iyanrìn, ó sì figbe ta, ó ń pè wọ́n ní apààyàn àti òpùrọ́. Huston fi kámẹ́rà sí òkèèrè réré. A kò rí ojú, a kò rí àyà, a kò rí ìdí. Obìnrin kékeré kan bí èèrà la rí nínú aṣálẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ ń ká kò bí ẹni tí inú ń run. Ohùn rẹ̀ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì tó. Kò sí ẹwà kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Kí ló wá ń gbọ̀n wá lára bí kì í bá ṣe eré?

N kò sọ pé gbogbo fíìmù rẹ̀ ló dára. River of No Return àti There's No Business Like Show Business, méjèèjì ní ọdún 1954, kò ṣe é lóore. N kò sì sọ pé ó lè ṣe ohun tí Bette Davis lè ṣe, tàbí pé ì bá dúró lórí ìtàgé fún wákàtí mẹ́ta lálaalẹ́. Ọ̀nà iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó mọ dùndún lù kò di ọ̀dẹ̀ nítorí pé kò mọ bàtá.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, obìnrin náà ti lọ. Ìdáhùn mi ni pé bí a bá ti pe iṣẹ́ ènìyàn ní àdámọ́, a ti rí ọ̀nà tí a kò fi ní san owó iṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Gentlemen Prefer Blondes, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onírun wúrà tí àkọlé eré ń sọ, Jane Russell gba nǹkan bí 200,000 dọ́là. Monroe ń gba owó ọ̀sẹ̀ tí kò sún mọ́ ọn rárá. Ó kọ ipa tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ọdún 1954, Fox dá a dúró. Ó lọ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí Fox fi fún un ní àdéhùn tuntun: 100,000 dọ́là lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan, àti àṣẹ láti fọwọ́ sí ẹni tí yóò darí òun. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kejì tó béèrè. Kò béèrè fún aṣọ, kò béèrè fún mọ́tò. Ó béèrè fún olùdarí eré tó mọṣẹ́. Àwa oníròyìn náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí: nígbà tó sọ pé òun fẹ́ kó ipa nínú The Brothers Karamazov ti Dostoevsky, ìwé ìròyìn fi í ṣe ẹlẹ́yà káàkiri, bí ẹni pé ìwé náà ti wúwo jù fún ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó má fi àwòrán aṣọ funfun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sókè yẹn wá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ayé òṣèré kan nìyẹn. Kó lọ wo Don't Bother to Knock, kó wo Bus Stop, kó fi The Misfits parí rẹ̀, kó sì wá sọ fún mi pé ènìyàn kan náà tí kò mọ nǹkan kan ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá wò wọ́n tán tó ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, màá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì wò wọ́n, kó fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ti rí eégún yìí jó.